Eyín Ìyá Àwẹ̀ró àti Ìbọn Agbálétí

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Òjò tó lé yín wọ abà mi kò gba àyè lọ́wọ́ mi, àgbàdo tí ẹ sì ń sun jẹ yìí, oko mi ni ẹ ti ya á. Ẹni tó bá jẹ àgbàdo mi, dandan ni kó jókòó gbọ́ ìtàn mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, òjò ń dúró dè é níta. Mo ti ń ṣọdẹ nígbà tí baba àwọn mìíràn nínú yín ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Mo ti fi ọwọ́ lásán fa òkété yọ nínú ihò, mo ti sùn sórí igi kan náà pẹ̀lú ẹkùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹkùn ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ tó sá lọ. Adígún, bí o bá tún rẹ́rìn-ín, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ tì síta.

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti èmi. Ti ọdẹ kan ni, Ọdẹ́gbàmí, ará Òkè-Àparò. Ọkùnrin náà mọ ọdẹ í ṣe, àléébù méjì péré ló ní. Èkíní, ìbọn kan ṣoṣo ló ní, ṣakabùlà gígùn tí baba rẹ̀ fún un. Òun ló fi ń pa ẹfọ̀n, òun náà ló fi ń pa eku. Èkejì ni ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n Ọdẹ́gbàmí lẹ́nu, àfi ọ̀kan tó ń jẹ́ “ẹ má bínú”. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Ìyá Àwẹ̀ró la máa ń pè é, nítorí Àwẹ̀ró ni ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ìyàwó Ọdẹ́gbàmí, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú Àwẹ̀ró nígbà náà. Ọdẹ́gbàmí ní òun kò ní jẹ́ kí àna òun jẹ ọbẹ̀ lásán. Ó gbé ṣakabùlà, ó ki ẹ̀tù sí i, ó ki àfọ́kù irin àti ọta wẹ́wẹ́ lé e, ó sì yìn ín lu ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí igi ọ̀pẹ. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ kò tó ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́. Ìrù ni, itan méjì ni, àti nǹkan kan láàárín tí wọn kò lè fi orúkọ pè. Àwọn àgbà ní ìka tó tọ́ símú ni a fi ń ro imú. Ọdẹ́gbàmí ti fi odó ro imú ní tirẹ̀.

Àwẹ̀ró se é, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá ge itan jẹ, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ: kàú. Ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró ọta kan wà níbẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àna, ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kí ọkùnrin ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àyà rẹ̀ lu ilẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kò dìde lórí àga. Ó ní, “Ìyá, ẹran ìgbẹ́ ni, kì í ṣe èkuru. Ta ló ní kí ẹ kù gìrì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀?” Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àwẹ̀ró kò sunkún, kò pariwo. Ó mú eyín àti ọta náà, ó dì wọ́n sí etí aṣọ rẹ̀, ó so kókó kan, ó tún so òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. “Ìwọ yìí, o yìnbọn sí mi lẹ́nu, o sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń mú ọmọ mi lọ. Ọjọ́ tí o bá gbé ẹran wá tí ihò kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, tí mo sì jẹ ẹ́ láti orí dé ìrù tí ẹnu mi kò kan irin, ọjọ́ náà la ó jọ sọ̀rọ̀. Bí oyún yìí bá di ọmọ, tí ọjọ́ kẹjọ sì pé tí n kò rí ọ, èmi ni n ó sọ ọ́ lórúkọ. Bàbáòsí ni n ó sọ ọ́, kí gbogbo ayé lè máa pè é bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà.” Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀ bóyá yóò sọ “ẹ má bínú”. Kò sọ ọ́. Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Inú bí Ọdẹ́gbàmí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wo ẹní tí Àwẹ̀ró máa ń sùn sí tó ṣófo. Ó lọ bá àgbà ọdẹ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ní òun ń wá ìbọn tí kò ní fọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ túútúú. Àgbà ọdẹ ní, “Ìbọn agbálétí ni ò ń wá. Ọta rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Inú Ìlú Wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń rọ ọ́, lẹ́yìn Igbó Ìkanra. N kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní agbálétí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ṣé ìwọ ni n ó kọ́kọ́ sọ fún? Kúrò níwájú mi.”

Ó lọ. Ẹ má bi mí léèrè iye ọjọ́ tó rìn, n kò bá a ka ìṣísẹ̀. Nínú Igbó Ìkanra, kò sí ohun tí inú rẹ̀ dùn. Ọ̀nà ń kùn pé wọ́n ń tẹ òun mọ́lẹ̀. Ẹ̀gún ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gún pé kí ló ń wá lẹ́nu òun. Láàárín igbó náà ni iwin kan dúró sí tí ojú rẹ̀ kọ sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ni Kanrajumí, ó sì na ọwọ́ dí ọ̀nà.

Kanrajumí ní, “Ìwọ tí ìbọn rẹ ga jù ọ́ lọ, ṣé ìwọ lo gbé e ni àbí òun ló gbé ọ?”

Ọdẹ́gbàmí ní, “Ìwọ tí ojú rẹ wà lẹ́yìn, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí ò ń lọ?”

Èébú ni wọ́n fi ja ìjà náà, ẹ̀yin ará, wọn kò fi ọwọ́ kan ara wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bú ara wọn. Iwin bú ìdílé rẹ̀ dé ìran keje, Ọdẹ́gbàmí bú ti iwin kọjá ibi tí iwin fúnra rẹ̀ mọ̀ dé. Èmi náà ní ẹnu èébú nígbà èwe mi, ìyá àwọn kan nínú yín lè jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n n kò tó ti ọkùnrin yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní, “Ojú rẹ rí bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná, ìkòkò náà sì sàn jù ọ́ lọ, nítorí a lè fọ̀ ọ́.” Kanrajumí jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omijé sì ń ṣàn sí i lẹ́yìn. Ó ní, “Máa kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tí ò ń lọ, ahọ́n tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi ni yóò bà ọ́ jẹ́ níbẹ̀.”

Ìlú Wúyẹ́wúyẹ́ jẹ́ ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ ìró òòlù. Òwú ni wọ́n fi ń wé orí òòlù wọn. Irin ayé ló ń sùn lábẹ́ ìlú náà, bó bá sì fi lè jí, gbogbo idà àti ìbọn inú ayé ni yóò dìde jagun láìsí ẹni tó gbé wọn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í gbé ohùn sókè níbẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Oníbodè wọn ní etí mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ orí, méjì ní èjìká.

Ọdẹ́gbàmí dé ibodè, ó kí wọn bí ọmọ ilé ire. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Oníbodè gbá a létí. Ọdẹ́gbàmí ké yéè. Oníbodè tún gbá a létí nítorí yéè tó ké. Lẹ́yìn náà ló fẹnu sún mọ́ etí tó ń hó yẹn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Inú ilé ni wọ́n ti gbá a létí. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lókèèrè. Kí ni? Bí o bá mọ̀ ọ́n, wọlé. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó gbá ọ dé ilé baba rẹ.”

Ọdẹ́gbàmí di etí mú, ó ń rò ó. Ó kọ́kọ́ rò pé òun alára ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n òun kò pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ lọ sí ibi tó ń dùn ún jùlọ, ìyẹn etí aṣọ Ìyá Àwẹ̀ró, níbi tí eyín wà. Ó wá yé e pé orí nìkan kọ́ ló ní etí. Aṣọ ní etí, ìkòkò ní etí, odò ní etí. Ọta ìbọn tí òun ń wá náà ní láti ní etí ní ìdí rẹ̀ yípo. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ọta ìbọn ni. Ìdí rẹ̀ ní etí, etí yẹn ni òòlù ìbọn ń gbá nínú ìbọn, kì í gbá àárín. Òun ló ṣe ń jẹ́ agbálétí.” Oníbodè wò ó tìkanratìkanra, ó sì yàgò fún un.

Alágbẹ̀dẹ tó bá nínú ìlú ń jẹ́ Arọ́mádún. Kò kí i, kò ní kó jókòó. Ó kàn na ọwọ́ sí ìbọn mẹ́ta tó gbé kọ́ ara ògiri, ó ní, “Bi wọ́n. Má fi àkókò mi ṣòfò.”

Ìbọn èkíní, ẹnu rẹ̀ gba ìkúùkù. Ó ní, “Erin ni mo ń pa.” Ọdẹ́gbàmí ní, “Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?” Ó ní, “Ó ṣeé ṣe kí o rí irun rẹ̀.” Ọdẹ́gbàmí rántí ṣakabùlà rẹ̀, ó sún kúrò níbẹ̀.

Ìbọn èkejì gùn, wọ́n fi idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì wọ Ọdẹ́gbàmí lójú. Ó ní, “Mo ń pa ẹran lórí òkè kejì.” Ọdẹ́gbàmí ní, “Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?” Ó ní, “Ọta mi á gba inú ọ̀kẹ́rẹ́ kọjá, á gba inú igi kọjá, á sì lọ bá ẹni tó ń roko lẹ́yìn igi. Èyí tó bá wù ọ́ nínú wọn ni kí o gbé relé.” Ó fi ìyẹn náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ dùn ún.

Ìbọn ẹ̀kẹta kéré, ọ̀pá rẹ̀ tínrín, igi ìdí rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Kò fọ́nnu rárá. Ìbéèrè ló fi dáhùn. Ó ní, “Níbo lo fẹ́ kí n bà á?” Ọdẹ́gbàmí ní, “Orí.” Ìbọn náà ní, “Má rán mi kọjá ọgọ́rin ìṣísẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, èmi náà á gbọ̀n. Bí o kò bá rí ibi tí ò ń rán mi, má rán mi.” Ọdẹ́gbàmí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Níbí yìí ni ọ̀ràn wà. Ní ọgọ́rin ìṣísẹ̀, orí ọ̀kẹ́rẹ́ kò ju hóró ẹ̀pà lọ, ojú Ọdẹ́gbàmí kì í sì í ṣe ojú ọmọdé mọ́. Ó ti gbọ́ pé awò kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn ìbọn, tó máa ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú. Ó na ọrùn sí alágbẹ̀dẹ, ó sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ pé kó bá òun de awò mọ́ ọn.

Arọ́mádún ní, “O ní kí n dè é mọ́ ìbọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kó lè máa bá mi wòran.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Mo ní kí o dè é, kó le dáadáa.”

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ kí a gbọ́. Awò tí a fi ń wòran, awó ẹyẹ tí ń fi ẹsẹ̀ tú inú oko, àwo tí a fi ń jẹun, awo tí a kì í sọ síta. Bí ẹ bá yọ ohùn kúrò lára wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ rí i? Adígún ti ń sọ àwo, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ́ ẹyẹ. Arọ́mádún wọ ẹ̀yìn ilé, ó gbé awó jáde, ààyè awó aláràbarà tó ń wo ènìyàn bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó fi okùn irin kan de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn ìbọn, ó so kókó tí ọwọ́ ènìyàn kò rí ìdí rẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí la ẹnu kó fi èébú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá alágbẹ̀dẹ náà. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ayé ń yí ara padà lójú oorun. Ó pa ẹnu dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ mì láyé rẹ̀, ó sì há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Arọ́mádún ní, “Ohun tí o bèèrè ni mo fún ọ. A kì í dá ohun tí a bá fi ọwọ́ méjì gbà padà níhìn-ín. Jáde.”

Bó ṣe padà sí igbó Òkè-Àparò nìyẹn, tòun tìbọn tawó. Ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bó bá ti gbé ìbọn sójú, awó á ké, Ọdẹ́gbàmí á bú u, gbogbo ẹran á fọ́nká. Ó fa okùn náà títí, kò tú. Ó gbé ọ̀bẹ sí ọrùn ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹyẹ náà wò ó, kò sì lè ṣe é. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Kò pa nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni ẹni tó ń ti ìlú Ìyá Àwẹ̀ró bọ̀ bá a lójú ọ̀nà, ó ní, “O kò tí ì gbọ́? Àwẹ̀ró ti bí ọkùnrin. Ọ̀túnla ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ.”

Ọdẹ́gbàmí wọ igbó, ó jókòó sídìí igi kan láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ wúwo nítorí ìbànújẹ́, kò sì lókun láti bú ohunkóhun mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń sáré lórí ẹ̀ka. Awó ké. Ọdẹ́gbàmí kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dúró sójú kan, ó na ara, ó gbé orí sókè, ó ń wá ohun tó ké.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ariwo awó kọ́ ló ń lé ẹran láti ọjọ́ yìí wá, èébú ẹnu òun ni. Bí awó bá ké, ẹran á dúró wò. Bí òun bá bú awó, ẹran á sá. Kò mí. Ó wo ibi tí awó ń wò, ó sì rí orí náà kedere. Ìbọn kékeré náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo ju igi gbígbẹ tó dá. Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀ lódindi, ihò kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, lẹ́bàá etí, ọta sì ti gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó rin gbogbo òru, ó dé ilé àna rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo ènìyàn ti péjọ, iyọ̀ àti oyin àti obì wà nílẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ Ìyá Àwẹ̀ró, orúkọ náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí Ọdẹ́gbàmí tòun tawó, ó gbé ọmọ fún Àwẹ̀ró, ó gba ọ̀kẹ́rẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n se é. Àwọn àlejò jókòó, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń wo ìyá àgbà kan tó ń jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ láti orí dé ìrù, tó ń fi ahọ́n tọ́ gbogbo egungun wò. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó nu ọwọ́.

Ó ní, “Kò sí irin nínú rẹ̀. Eyín mi ńkọ́?”

Oríṣiríṣi èsì ló rọ́ wá sẹ́nu Ọdẹ́gbàmí, pé ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe, pé mo jìyà dé igbó iwin nítorí yín, pé ta ló ń wá eyín fún arúgbó. Ó gbé gbogbo wọn mì. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ lu ilẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan ní wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá Àwẹ̀ró ní, “N kò gbọ́.”

Ó gbé ohùn sókè, gbogbo agbo ilé sì gbọ́ ọ. Ó ní, “Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Mo fọ́ eyín yín, mo sì fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló burú jù. Ẹ má bínú sí mi.”

Ìyá Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìbọn náà, ó fi ọwọ́ kan kókó tí ẹnikẹ́ni kò lè tú, ó sì tú u, nítorí ẹni tó mọ kókó í so ló mọ̀ ọ́n í tú. Awó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ìyẹ́, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì yé ẹyin kan. Ìyá wo ẹyin náà títí. Ó ní, “Eyín ni mo bèèrè, ẹyin ló gbé wá.” Ló bá rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín náà sì hàn síta. Ó tú etí aṣọ rẹ̀. Ó mú eyín tirẹ̀, ó sọ ọta náà sí àtẹ́lẹwọ́ Ọdẹ́gbàmí, ó ní, “Gba ohun tó jẹ́ tìrẹ. Gba ìyàwó rẹ pẹ̀lú.” Ẹyin awó náà ló ń jẹ lójoojúmọ́ títí tó fi kú, a kì í sì í fi eyín jẹ ẹyin.

Òun náà ló sọ ọmọ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Bàbáòsí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Babárìndé láti ọjọ́ yìí wá, tí ẹ rò pé baba baba mi ló kú kí wọ́n tó bí mi, ẹnikẹ́ni kò kú. Baba mi ló fi ẹsẹ̀ rìn dé, tòun tawó lórí ìbọn.

Òjò ti dá, ẹ máa lọ sílé yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ohun tó wà nínú àpò mi yìí ni ọta náà. Adígún, gbà á, wò ó, fi lé ẹni tó tẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, kí ẹ sì dá a padà fún mi. Ẹ má fi í sẹ́nu.